Káàdì Inú Ọ̀rá

Nínú gbogbo àwọn tó ń ra àgbọn láti Topo wá sí etí omi Badagry, kò sí ẹni tó mọ àgbọn bíi Tọ̀yìbátù. Kì í la àgbọn kó tó rà á. Yóò mì ín létí lẹ́ẹ̀kan, yóò fi ìka kàn án, yóò sì jù ú sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Tọ̀tún ni ti ọjà, tòsì ni ti àwọn tó ń yọ òróró. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù tó ń kó àgbọn lọ sí òkè Ọya kì í tún tirẹ̀ yẹ̀ wò. Wọ́n á ní ohun tí Ìyá Àgbọn bá ti mì létí, kò sí ohun tó pamọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ ọn nígbà kan rí. Ní báyìí, bí wọ́n bá sọ ọ́, ṣe ló máa ń wo ibòmíràn.

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi pè é ní Ìyá Àgbọn kó tó di ìyá ọmọ. Kí á má tan ara wa, ẹ̀gún wà nínú orúkọ náà. Obìnrin tí kò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá rẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní ìyá nítorí èso igi, òun nìkan ló mọ ibi tó ti ń ta á lára. Ṣùgbọ́n yóò dáhùn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì máa kó ọjà rẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ni Ishaq, tó ń ta táyà tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú ìyá Ishaq, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Màmá kì í ṣe ìyá ọkọ burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ arúgbó. Kò bú Tọ̀yìbátù rí, kò sì wá ìyàwó kejì fún ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í gba ìgbàkugbà lé lórí: jẹ́nótáìpù. Ó ti sin ọmọ méjì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn ọmọ tí ara ń ro láti àárọ̀ dalẹ́, tí ọwọ́ ń wú, tí ojú ń pọ́n. Àdúgbò ní àbíkú ni. Ẹ̀yìn ìgbà tó sin ìkejì tán ni dókítà wá sọ fún un pé AS ni òun àti bàbá wọn, pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Màmá kankan kò tó bẹ́ẹ̀ kó mú àfẹ́sọ́nà wọlé láìmú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dání. Màmá kì í béèrè ìlú ọmọbìnrin, kì í béèrè ilé bàbá rẹ̀. "Káàdì dà?" ni yóò kọ́kọ́ sọ.

AS ni Ishaq. Tọ̀yìbátù mú tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wọn: AA. Màmá dìde, ó jó. Kí lèmọ́mù tó so yìgì, Màmá ti fi ọ̀rá di káàdì méjèèjì, ó ti kó wọn sínú àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀súbáà. "Ìyàwó Éè-Éè" ló ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí kò sí oyún, orúkọ yìí nìkan ló kù tí Tọ̀yìbátù lè fi gbórí sókè nínú ilé náà. Ó lè má tíì bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, òun àti Ishaq gbéra lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ ní Ìkejà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹyin lára ìyàwó, tí wọ́n ń gba àtọ̀ lára ọkọ, tí wọ́n á so wọ́n pọ̀ nínú abọ́ dígí kí wọ́n tó dá a padà sínú ilé ọmọ. Ishaq fara mọ́ ọn. Ó ní dókítà kàn ń sáré ni, Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Ó fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀, kò sì ka ìkankan, torí ọkọ̀ táyà kan ń dúró dè é ní Sẹ̀mẹ̀.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, Tọ̀yìbátù nìkan ló padà lọ. Dókítà ní kò sí ẹyin tó ṣeé lò lára rẹ̀ mọ́. Ó ní ọ̀nà kan ṣì wà: wọ́n lè lo ẹyin ọmọbìnrin mìíràn tó gbà láti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Tọ̀yìbátù ni yóò lóyún rẹ̀, òun ni yóò bí i, òun ni yóò fún un lọ́mú. Ìwé pé ọkọ gbà bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà lára èyí tí Ishaq ti fọwọ́ sí. Dókítà ní kó lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ yékéyéké. Tọ̀yìbátù ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó mọ̀ pé Ishaq yóò lọ béèrè lọ́wọ́ lèmọ́mù, ó mọ ohun tí lèmọ́mù yóò sọ, ó sì mọ̀ pé ọdún mẹ́rìnlá mìíràn kò sí nílẹ̀ fún òun.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí àwòrán. Gíga ló wà níbẹ̀, àwọ̀ ara, ẹ̀yà, àti jẹ́nótáìpù. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́, AA ni, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó sì ga fíofío. Ìkejì pupa, kò ga, Yorùbá ni, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní èjí. Tọ̀yìbátù fi ahọ́n kan èjí tirẹ̀. Ta ni yóò rí ọmọ pupa eléjìí tí yóò béèrè pé ọmọ ta ni?

"Èyí ni mo fẹ́."

"AS lèyí o, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kí ni jẹ́nótáìpù ọ̀gá?"

Tọ̀yìbátù wo ìwé náà. Bó bá ní AS, nọ́ọ̀sì yóò fi bírò fa igi lé eléjìí lórí, ọmọbìnrin dúdú gíga yẹn ni yóò kù.

"AA," ni ó wí.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú káàdì ọkọ dání tí wọ́n bá ń bọ̀. Wọn kò mú un, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì tún béèrè rẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ wádìí, etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ẹ má tíì bú u. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe ọmọ léṣe. Bó ṣe rò ó ni pé oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ yóò fi mu ẹ̀jẹ̀ òun, ẹ̀jẹ̀ AA. Ó ti rí igi àgbọn tó ń mu omi iyọ̀ létí òkun láti ọjọ́ tó ti wà, tí omi inú èso rẹ̀ sì ń dùn. Ó gbà pé ohun tó bá gba inú òun kọjá yóò di tòun, pé AS ọlọ́mọge yẹn yóò ṣàn dànù díẹ̀díẹ̀ kí oṣù tó pé. Ta ni yóò bi? Ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, a kì í rí ẹni tún un ṣe fún wa.

Wọ́n bí Hidayah ní ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ parí. Nígbà tí eyín rẹ̀ hù, èjí wà níbẹ̀. Màmá pariwo títí ó fi dé ilé kẹta, ó ní wọ́n jọra bí ìmumu. Ìyá Àgbọn wá di Ìyá Hidayah. Fún oṣù méje, ayọ̀ obìnrin náà pọ̀ dé ibi pé bí ọmọ bá sùn, ó máa ń jí i kó lè rí i pé ó jí.

Oṣù keje ni ìka ọwọ́ ọmọ wú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú, tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tọ̀yìbátù ní eyín ló ń bọ̀. Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kékeré náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú Màmá ti rí irú ọwọ́ yìí rí, lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ ọ̀rá jáde, ó sì ka káàdì méjèèjì bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ó wá mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni ó wí. "Bí kì í bá ṣe ti ìwé yìí ni, ǹ bá ti fi igbe bọnu. Eyín ni, ìyàwó Éè-Éè. Eyín náà ni."

Láti ọjọ́ náà ni Tọ̀yìbátù ti fura. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò mọ̀, kò mọ Tọ̀yìbátù.

Ọmọ náà dàgbà ṣáá. Ibà ní oṣù yìí, ara ríro ní oṣù tó ń bọ̀, ẹyinjú tó ń dà bí ìyeyè. Dókítà tó bá ti fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ láti wo jẹ́nótáìpù, Màmá á ti nawọ́ sínú àpò. "Ẹ wò ó, AA àti AS. Ẹ má gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ lásán." Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní òótọ́ ni, SS kò lè ti ibẹ̀ jáde, wọ́n á sì kọ oògùn ibà. Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni káàdì yẹn ti ṣẹ́gun. Tọ̀yìbátù yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, yóò gbé ọmọ dání, yóò sì máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ló gbìyànjú. Hidayah ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì. Ó gbé e pọ̀n, ó ní òun ń lọ kí ẹnì kan ní Imeke, ṣùgbọ́n Ìjanikin ló lọ, sí ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí kò jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣí kọ́tìnnì, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Hidayah!" Fàthíà ni, ọmọ àbúrò Màmá, tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. "Ṣé kò sí o? Kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru," ni Tọ̀yìbátù wí. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Ó ga lóòótọ́. Ó pọn ọmọ padà sílé, kò sì lọ síbòmíràn mọ́.

Kí n sọ irú ọmọ tí Hidayah jẹ́, kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu rẹ̀. Àárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti ń sọ àlá tó lá, títí kan èyí tí kò lá. Bó bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Topo, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò bi ní orúkọ. Daniel ló ń wa ọkọ̀ náà, ọmọ Ẹ̀gùn ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀. Mádáàmù ló ń pe ọmọ náà, ó sì kọ́ ọ ní kíkí àárọ̀ wọn. "Mádáàmù, a fọ́n ganjí à?" ni yóò wí, pé ṣé ó jí dáadáa. Hidayah á na ọrùn, á sì fi gbogbo agbára pariwo pé òun jí dáadáa: "Ẹ́n, ùn fọ́n ganjí!" Daniel kì í ṣí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn náà. Àwọn obìnrin tó ń kánjú a máa kùn, ṣùgbọ́n wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín.

Ní Topo, bí ìyá bá ń mi àgbọn létí, ọmọ á wọ omi dé orúnkún, á máa fi agolo bù ú dà sí ara. Òtútù omi yẹn kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn tó ń pa á láìmu omi. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń ro ó. Ìyá rẹ̀ ní ó ń dàgbà ni.

Ọjọ́ tí ọ̀ràn dé, ọyẹ́ ti ń mú. Hidayah ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ti Topo dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, orí ń fọ́ ọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ìwé, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ yẹn gan-an ló ba Tọ̀yìbátù lẹ́rù. Òun àti Màmá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ishaq ní òun ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀.

Dókítà Adéwọlé ló bá wọn níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ṣí ojú ọmọ, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ní, "Kí ni jẹ́nótáìpù ọmọ yìí?"

Màmá ti yọ ọ̀rá jáde. Dókítà kà á, ó tún un kà. Ó wo ọmọ, ó wo káàdì. Ó wá yíjú sí Tọ̀yìbátù.

"Ìyá Hidayah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ bí ọmọ yìí?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" ni Màmá dá a lóhùn. "Ojú mi kòrókòró ló ṣe bí i! Ẹ wo eyín rẹ̀, kí ẹ wo ti ìyá rẹ̀."

Dókítà kò wo Màmá. Tọ̀yìbátù ló ń wò. Ó dúró dè é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun Tọ̀yìbátù. Ó gbójú sókè, ó rí Màmá tó di ọ̀rá mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà," ni ó wí. "Àwa la bí i."

Dókítà kọ ibà líle sínú ìwé, ó ní kí wọ́n máa fa omi sí i lára, ó gba ẹ̀jẹ̀ fún àwọn àyẹ̀wò mìíràn, ó sì lọ bá aláìsàn tó kàn.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tọ̀yìbátù dìde láti tẹ̀lé e. Nígbà àkọ́kọ́, Màmá bi í pé níbo ló ń lọ, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Nígbà kejì, ó bá dókítà láàárín èèyàn mẹ́rin, ó sì padà. Wọ́n pe ìrun Àyìlà, Màmá lọ kírun, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n Tọ̀yìbátù jókòó ti ọmọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí Màmá bá dé, òun á lọ. Ẹ̀rù ti sọ ọ́ di òmùgọ̀. Nígbà kẹta, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá dókítà, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn, ló bá gbọ́ ohùn Hidayah lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá mi. Ìyá mi, ọwọ́ mi dà?"

Ó sáré padà. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ wà níbẹ̀ lórí ibùsùn, ọmọ náà ń wá a. Ó fẹ́ tún béèrè, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń dà, ohùn tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́. Ishaq, tó ti dé láti Sẹ̀mẹ̀, ń wọlé bọ̀ nígbà náà pẹ̀lú kẹ̀tìlì omi gbígbóná, Màmá ń ká àtẹ́ẹ̀kírun rẹ̀. Iwájú àwọn méjèèjì, iwájú gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó wà níbẹ̀, ni Tọ̀yìbátù ti figbe ta.

"Dókítà! Ẹyin ẹlòmíràn ni! Kì í ṣe tèmi, AS ni! Ẹ gba ọmọ mi là, ẹ má wo káàdì yẹn mọ́!"

Dókítà sáré. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Àyẹ̀wò jáde: SS. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà nínú ọpọlọ. Ó yè, Alihamudulilahi. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lọ.

Nígbà tí wọ́n padà wá sọ́dọ̀ Dókítà Adéwọlé, ó pe Tọ̀yìbátù sí ẹ̀gbẹ́. "Kì í ṣe abọ́ dígí ló ṣe ọmọ yín ní nǹkan o, Ìyá," ni ó wí. "Ọmọ púpọ̀ ló gba ọ̀nà yẹn wáyé tí ara wọn le koko. AS ló pàdé AS. Inú ìyá kì í fọ jẹ́nótáìpù, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Ọmọ tó bá ní SS, tí a bá tètè mọ̀, oògùn ojoojúmọ́ wà fún un, àyẹ̀wò wà tí a fi ń ṣọ́ ọpọlọ rẹ̀. Mi ò lè búra pé irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún la fi ń wo ìwé tí a ò wo ọmọ."

"Àti láti aago mẹ́wàá," ni Tọ̀yìbátù wí.

Dókítà kọ oògùn ojoojúmọ́ náà fún un.

Nílé, kò sí ẹni tó pariwo. Ì bá sàn bí wọ́n bá pariwo. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó yọ káàdì méjèèjì nínú ọ̀rá, ó kó wọn lé itan. "Mo ti sin méjì, Tọ̀yìbátù," ni ó wí. Kò pè é ní ìyàwó Éè-Éè. "Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwé yín ló ní mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń lé dókítà lẹ́yìn ọmọ mi. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ mi." Ó wá bú sẹ́kún. Bí Màmá bá na Tọ̀yìbátù ni, ara ì bá tù ú.

Ishaq bi í ní ìbéèrè kan péré. "Ta ni ìyá ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá Hidayah. Èmi ni."

Ishaq kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù táyà ló ń sùn báyìí. Ó ń wá lárààárọ̀ láti gbé Hidayah lọ síbi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀, ọmọ ló máa ń kọjú sí. "Hidayah, sọ fún ìyá rẹ pé oògùn ti tán." Ọmọ náà á wojú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Á wá fi ọwọ́ òsì kan ẹnu ìyá rẹ̀, torí bó ṣe ń ṣe nìyẹn báyìí tó bá fẹ́ kí ẹnì kan bá òun sọ ohun tí òun ò lè sọ.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni Tọ̀yìbátù tó padà sí Topo. Ó wọ ẹ̀wù òtútù fún ọmọ, ó gbé ìgò omi mímu méjì dání, ó gbé e jókòó sí itan nínú ọkọ̀ ojú omi. Obìnrin mẹ́fà mìíràn ti wà níbẹ̀. Daniel rí wọn, ojú rẹ̀ sì tàn. Kútọnu ló ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìròyìn kò tíì kàn án.

"Mádáàmù! A fọ́n ganjí à?"

Hidayah na ọrùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó la ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ ń gbéra, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí nǹkan tó jáde. Daniel dúró, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Ó tún kí i.

"Máa lọ, Daniel," ni Tọ̀yìbátù wí. "Kò ní dáhùn."

"Kí ló ṣe é, Ìyá Àgbọn?"

Àwọn obìnrin ti yíjú padà. Irọ́ kan wà létè Tọ̀yìbátù, ibà líle, ó ti múra tán. Ó ti sọ ọ́ dáadáa rí. Ó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹyin ẹlòmíràn ni mo fi bí i," ni ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè. "AS ni. AS ni bàbá rẹ̀. Mo mọ̀, mo purọ́, torí kí ó lè jọ mí. Nígbà tó ń ṣàìsàn, dókítà bi mí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo tún purọ́. Ohun tó ṣe é nìyẹn."

Obìnrin kan fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, òmíràn ń wo omi. Daniel kò ṣí ẹ́ńjìnnì. Ó dà bí ẹni pé kò mọ ohun tó kàn.

Hidayah gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó sì fi kan ẹnu ìyá rẹ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún kàn án.

Tọ̀yìbátù yíjú sí Daniel.

"Ẹ́n," ni ó wí, ó bá ọmọ rẹ̀ dáhùn pé ó jí dáadáa. "É fọ́n ganjí."

Daniel wá ṣí ẹ́ńjìnnì.